Aṣáà àti Oúnjẹ Ọmọ Tí Ń Dàgbà

Ebi jẹ́ oníṣẹ́ tí ara máa ń rán sí ẹni tí ó ni ín. Bí oúnjẹ bá ti ń tán nínú ara, oníṣẹ́ yìí a dìde, a sì wí fún ènìyàn pé àkókò tó láti fi nǹkan sí ẹnu. Bí a bá dá a lóhùn, a padà lọ sinmi. Bí a kò bá dá a lóhùn, kì í jẹ́ kí a gbádùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni, oníṣẹ́ rere ni, nítorí pé òun ni ó ń ṣọ́ ara kí ara má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó lè pa oníṣẹ́ yìí lẹ́nu mọ́ láìfún un ní ohun tí ó wá gbà. Ohun náà ni tábà. Àgbàlagbà tí ó bá ń fi tábà tan ebi jẹ ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń dàgbà tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣe ju èyíinì lọ, nítorí pé ilé tí a kò tíì kọ́ tán ni ó ń kó amọ̀ rẹ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n yóò yé ni dáadáa bí a bá mú àwọn ìlú kan pàtó wò. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà ní ìhà àríwá Òṣogbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, Ìnísà sì wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn yìí kan náà. Ojú irin tí wọ́n tẹ́ láti Èkó, tí ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó sì mú èrò àti ẹrù ọ̀nà jíjìn wá sí agbègbè náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ata, ilá àti oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ ń ti oko wá sí ọjà. Àwọn Fúlàní ń gbé wàrà wá. Ọsàn, ìbẹ́pẹ àti mángòrò ń so ní àkókò wọn. Ohun ìyanu ni ó jẹ́, nígbà náà, pé ní àárín irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́langba kan fi lè jáde ní ilé pẹ̀lú inú òfìfo, kí ó sì máa fi aṣáà díẹ̀ pa ebi náà mọ́ inú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Tábà aláìléèéfín ni gbogbo tábà tí a ń lò láìfi iná sí i. Àwọn kan a máa jẹ ewé rẹ̀ lẹ́nu, wọn a sì tu itọ́ rẹ̀ dànù. Àwọn mìíràn a máa lo èyí tí a ti lọ̀: èyí ni aṣáà. Wọn a sá ewé tábà títí yóò fi gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú káún títí yóò fi kúnná, wọn a sì rọ ọ́ sínú agolo tàbí kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá kéékèèké fún títà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó lè fín in sí imú, ó lè dà á lé ahọ́n, ó sì lè fi í sí àárín ètè àti èrìgì kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Àwọn ará Sweden ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní snus. Àwọn ará Sudan ní toombak. Àwọn ará Íńdíà ní gutkha, nínú èyí tí wọ́n ń po tábà mọ́ èso igi kan àti ẹfun. Ní gbogbo àgbáyé, àwọn tí ń lo tábà aláìléèéfín lé ní mílíọ̀nù 300, ìhà gúúsù Éṣíà sì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012 láàárín àwọn tí ó ti tó ọmọ ọdún 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fi hàn pé nínú ẹni 100, bí ẹni 2 ni ó ń lò ó. Iye yìí lè dà bí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀ tó tiwa, ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ.

Ewé tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni Christopher Columbus àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bá a ní ọdún 1492. Ní ọdún 1560, Jean Nicot, aṣojú ọba Faransé ní ilẹ̀ Potogí, fi í ránṣẹ́ sí ààfin ọba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn. Láti ara orúkọ ọkùnrin yìí ni a ti mú orúkọ níkótíìnì, èròjà tí ó jẹ́ agbára tábà. Àwọn Potogí gbé ewé náà dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ìgbà òwò ẹrú, tábà Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí wọ́n fi oyin ìrèké rẹ, tí wọ́n sì ká jọ bí okùn, jẹ́ ọ̀kan nínú ọjà tí wọ́n fi ń ra ènìyàn ní Ouidah àti ní àwọn èbúté mìíràn ní etíkun náà. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbin tábà, pàápàá ní agbègbè Ìṣẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1933 ni ilé-iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé-iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkìrun. Báyìí ni àlejò náà ṣe di ará ilé.

Níkótíìnì ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó bá ti mọ tábà lè fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí aṣáà bá kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú imú tàbí ẹnu, níkótíìnì a gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ sí ọpọlọ. A mú kí ojú dá, kí àyà máa lù kìkì, kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè, kí inú sì dùn fún ìgbà díẹ̀. Káún tí a lọ̀ mọ́ aṣáà kì í ṣe fún adùn lásán. Òun ni ó ń tú níkótíìnì sílẹ̀ kí ó lè tètè wọ inú ara, tí aṣáà olókàáún fi ń le ju ewé lásán lọ. Nígbà tí agbára náà bá ti lọ sílẹ̀, ọpọlọ a tún béèrè. Ẹni tí ó ń bù ú lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ a di ẹni tí ń bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kò ní lè ka iye rẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọpọlọ ọmọ ènìyàn kì í gbó tán títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 25, ìdí nìyí tí níkótíìnì fi máa ń tètè so ọ̀dọ́langba mọ́lẹ̀ ju àgbàlagbà lọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń lo tábà ti mọ̀ pé ó ń pa ebi. Ẹni tí ó ń roko láti òwúrọ̀, tí ọ̀nà ilé sì jìn sí i, ẹni tí ó ń ru ẹrù, awakọ̀ tí kò fẹ́ dúró jẹun lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé bí a bá fi tábà díẹ̀ sí ẹnu, inú a dákẹ́. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Yale ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà túbọ̀ la ìdí rẹ̀ yé ayé. Nígbà tí wọ́n fi eku ṣe àyẹ̀wò, wọ́n rí i pé níkótíìnì máa ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jí ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún ara pé ó ti yó. Bẹ́ẹ̀ ni ara kò yó rárá. Kò sí iṣu nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀wà, kò sí omi ọbẹ̀; ọpọlọ ni a parọ́ fún. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tí ń ṣọ́ àká bá ń wí fún baálé lójoojúmọ́ pé àká kún, tí ó sì jẹ́ pé òfìfo ni ó wà. Baálé tí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kò ní lọ sí oko. Ọjọ́ tí ìyàn bá mú ni yóò mọ òótọ́.

Ọ̀dọ́langba sì ni ẹni tí irú irọ́ yìí léwu fún jù. Láàárín ọdún 10 sí ọdún 19 ni ara tún máa ń yára dàgbà bí ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Egungun ń gùn, ó sì ń le. Ẹran ara ń pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀. Bí ìyá bá ń wí pé ọmọ òun tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ń jẹun bí ẹni pé inú rẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀, kí ó má bínú sí i. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà; ara ni ó ń kọ́lé. Ọmọbìnrin tí ó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ tún nílò oúnjẹ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ kúrò lára rẹ̀ ní oṣooṣù.

Oúnjẹ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí ọmọ Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù. Iṣu, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti ìrẹsì ń fún ara ní okun. Ẹ̀wà, àkàrà, ọ̀lẹ̀, gbẹ̀gìrì, ẹyin, ẹja, ẹran àti wàrà ń mú kí ara dàgbà. Wàrà àti ẹja wẹẹrẹ tí a jẹ pẹ̀lú eegun rẹ̀ ń mú egungun le. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ń dáàbò bo ara kúrò lọ́wọ́ àrùn. Èròjà irin tí ń bẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá sì jẹ ọsàn pẹ̀lú wọn, ara rẹ̀ a rí èròjà náà gbà dáadáa ju ti ẹni tí kò jẹ ẹ́ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ènìyàn máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kò dín ní gíráàmù 400 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí a ní láti fi ọkọ̀ òfurufú gbé wá nínú gbogbo ohun wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́langba láti òwúrọ̀ dé alẹ́, a óò rí i pé ọ̀nà mìíràn ni oúnjẹ wọn ń gbà. Ilẹ̀ mọ́, ìyá ti múra ọjà, bàbá ti múra oko tàbí ibi iṣẹ́. A fún ọmọ ní owó díẹ̀ pé kí ó ra nǹkan jẹ ní ilé-ẹ̀kọ́. Owó yìí ni yóò fi ra bisikíìtì tàbí àkàrà òyìnbó àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni ó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí. Wọn a gbé ara sókè fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ebi a tún dé. Ní ọdún 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ètò oúnjẹ ilé-ìwé ṣe lábẹ́ orúkọ O'Meal, láti máa fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní oúnjẹ ọ̀sán. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ kò kan ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí ọmọ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama gan-an ni ara rẹ̀ ń béèrè oúnjẹ jù. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì tàbí iṣẹ́ káfíńtà kò sàn jù ú lọ, nítorí pé ìgbà tí ọ̀gá bá yọ̀ǹda ni yóò jẹun.

Inú àlàfo yìí ni aṣáà ti ń wọlé. Ọ̀rẹ́ kan a wí pé, "Fi èyí sí abẹ́ ètè, ebi á lọ, ojú rẹ á sì dá." Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, òòyì a máa kọ́ ọmọ náà, èébì a sì máa gbé e, ara ni ó ń kọ májèlé. Bí kò bá gbọ́ ìkìlọ̀ ara, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òòyì náà a dáwọ́ dúró, ebi ọ̀sán a sì bá a lọ. Láìpẹ́, oúnjẹ òwúrọ̀ kò ní wù ú mọ́. Owó tí ó yẹ kí ó fi ra ẹ̀kọ àti àkàrà a pín sí méjì, nígbà tí ó bá sì yá, aṣáà a gba ìdajì tí ó tóbi jù. Báyìí ni ọ̀ràn méjì ṣe ń bọ́ ara wọn: àìjẹun dáadáa ń ṣí ilẹ̀kùn fún aṣáà, aṣáà náà sì ń mú kí àìjẹun pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní tó, a máa rẹ̀ ẹ́, a máa tòògbé nínú kíláàsì. Nítorí kí ó má baà tòògbé, a tún bu aṣáà sí i. Olùkọ́ a rò pé ọ̀lẹ ni, òbí a rò pé ìwé kò wọ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ebi ni ó ń pa ọmọ, tí kò sì mọ̀ pé ebi ń pa òun.

Ẹnu ni ọ̀nà oúnjẹ, ẹnu yìí kan náà ni aṣáà sì kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ibi tí a ń fi í sí lójoojúmọ́ a funfun, a sì hunjọ. Èrìgì a máa fà kúrò lára eyín. Eyín a pọ́n, ẹnu a sì máa rùn. Imú tí ń fín aṣáà ní gbogbo ìgbà kì í gbọ́ òórùn dáadáa mọ́, ẹni tí kò bá sì gbọ́ òórùn ọbẹ̀ kò lè mọ adùn rẹ̀ tán. Ẹni tí èrìgì ń ta á kò ní fẹ́ jẹ ọsàn tàbí ọbẹ̀ ata. Ohun rírọ̀ tí ó dùn ni yóò máa wá. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni aṣáà ń gbà jí oúnjẹ gbé: ó ń mú ìfẹ́ oúnjẹ kúrò ní ọpọlọ, ó sì ń mú ìgbádùn rẹ̀ kúrò ní ẹnu.

Èyí tí ó burú jù nínú ìpalára rẹ̀ ni àrùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2007, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí nípa jẹjẹrẹ, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tábà aláìléèéfín ń fa jẹjẹrẹ ní ara ènìyàn, tí ó sì lé ní 20 èròjà tí ń fa àrùn náà tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹnu wà lára ibi tí ó ń mú, ọ̀nà ọ̀fun sì wà lára wọn. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ọ̀dọ́ a máa rò pé àrùn arúgbó ni èyí, ṣùgbọ́n ìtàn Sean Marsee kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Talihina ni, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eléré ìje ni ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ 28. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi aṣáà sí ẹnu. Kò sì sí ìkìlọ̀ kankan lára agolo aṣáà ní ìgbà náà. Ní ọdún 1983, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, egbò kan yọ sí ahọ́n rẹ̀, àwọn dókítà sì rí i pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé lára ahọ́n rẹ̀, wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àrùn náà ti tàn ká. Ní oṣù kejì ọdún 1984 ni ó kú, ní ọmọ ọdún 19. Ìyá rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe aṣáà náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1986, àwọn adájọ́ kò dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé a gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ sára gbogbo agolo tábà aláìléèéfín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń lo aṣáà ni ń kú bẹ́ẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí jẹjẹrẹ ẹnu pa ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún. Ohun tí ìtàn náà kọ́ wa ni pé agbára ẹsẹ̀ àti ìgbà èwe kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán sí májèlé.

Àwọn tí ń gbèjà aṣáà máa ń mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá. Èkíní, wọn a ní kò ní èéfín, nítorí náà kò léwu bíi sìgá. Òótọ́ ni pé kì í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí èéfín sìgá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn tí ó bọ́ sí ọwọ́ ejò kò tíì dé ilé. Èkejì, wọn a ní oògùn eyín dídùn àti ọ̀fìnkìn ni. Níkótíìnì lè mú kí ìrora dà bí ẹni pé ó dín kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo eyín tí ó ti kẹ̀ sàn; ó kàn ń fi àkókò ìtọ́jú ṣòfò ni, èrìgì a sì máa bàjẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni pé bàbá àgbà lò ó, ó sì pẹ́ láyé. Bàbá àgbà tí ó pẹ́ láyé ni a ń rí. Àwọn tí kò pẹ́ kò sí níbí láti jẹ́rìí. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti fi iyán àti ẹ̀wà kọ́ ara wọn tán kí wọ́n tó mú agolo aṣáà dání. Ohun tí ilé tí a ti kọ́ tán lè fara dà, ògiri tútù kò lè fara dà á.

Òfin pẹ̀lú kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2005 ni Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìkáwọ́ tábà. Ní ọdún 2015 ni a ṣe Òfin Ìkáwọ́ Tábà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta tábà, ìbáà ṣe sìgá tàbí aṣáà, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. A kò sì gbọ́dọ̀ ta tábà aláìléèéfín ní ìdì tí kò tó gíráàmù 30, kí ó má baà jẹ́ pé owó bisikíìtì tó láti rà á. Ìdì kéékèèké tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá lòdì sí òfin yìí. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ni ó ń rìn fún un. Ọlọ́jà tí ó bá kọ̀ láti ta aṣáà fún ọmọ ẹlẹ́wù ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá láìwọ aṣọ ọlọ́pàá.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Ibi tí aṣáà ti wọlé ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ dí, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ òwúrọ̀. Ọmọ tí ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí iṣu àti ẹyin, kí ó tó jáde kò ní wá ohun tí yóò fi tan ebi jẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí àkókò kò bá sí ní òwúrọ̀, a lè se ẹ̀wà ní alẹ́ kí a sì gbé e kaná ní ìdájí. Ọ̀dọ́langba kò gbọ́dọ̀ dúró de ìyá nìkan; ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ ìṣirò lè se iṣu. Àwọn olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ lè pinnu irú oúnjẹ tí àwọn olóúnjẹ yóò máa tà nínú ọgbà, kí ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀ àti ọsàn má baà wọ́n ju bisikíìtì lọ. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ lè yan àkókò kan fún oúnjẹ ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n má sì yẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ó bá ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Èébú kò lè yọ ọ́. Kí ó dá ọjọ́ kan tí yóò dá a dúró, kí ó sọ fún ẹnìkan tí ó fọkàn tán, bí òbí, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì, kí ó sì kó agolo rẹ̀ dànù. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, inú a máa bí i, orí a máa fọ́ ọ, oorun a sì ṣòro fún un. Kí ó máa mu omi, kí ó máa jẹ ọsàn, kí ó sì fi orín dí ẹnu nígbà tí ẹnu bá ń béèrè aṣáà. Ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà á: ebi yóò bẹ̀rẹ̀ sí pa á gan-an. Àwọn kan a rò pé àìsàn ni, wọn a sì padà sí ìdí aṣáà. Kì í ṣe àìsàn rárá. Oníṣẹ́ tí a ti pa lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó tún rí ohùn sọ̀rọ̀. Kí ó gbọ́ ohùn náà, kí ó sì jẹun.

Ẹni tí ó ti dàgbà tán lè fi tábà sílẹ̀ ní ogójì ọdún, ara rẹ̀ a sì ṣọpẹ́. Ṣùgbọ́n egungun tí kò gùn ní ìgbà tí ó yẹ kí ó gùn kò ní padà gùn ní ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ebi kò jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ní kíláàsì kò rọrùn láti padà lọ gbọ́. Ohun púpọ̀ ni a lè rà ní ọjà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ọdún ìdàgbà kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.